Kòlẹ́sẹ̀ Tó Wọ́

Kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: mi ò ní sùúrù. Ọwọ́ mi ní in, torí irun dídì ni iṣẹ́ mi láti ìgbà ọmọge, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò ní in rárá. Gbogbo obìnrin tó ti jókòó níwájú ilé mi ní Ìfọ̀, nítòsí ibi tí rélùwéè ti ń dúró, ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá ń mi orí, màá fi òòyà kàn ọ́ létí. Bí o bá ní ó ń dùn ọ́, màá ní kí o lọ fá a. Síbẹ̀ wọn kì í lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, torí kò sí ẹni tó ń la irun kó gún tó tèmi nígbà yẹn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú, èmi ni ìyá tó kù fún un. Nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà márosẹ̀ láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Mowé. Ọkọ ń wa tírélà lọ sókè Ọya, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó padà. Ìyàwó wá pa àtíbàbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà, ó ń ta ògógóró fún àwọn lébìrà. Ọjà náà ń yá gan-an. Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń ta á: ẹni tó bu ọtí fún èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú onítọ̀hún, kó lè mọ̀ pé kò sí nǹkan burúkú nínú rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò fún lébìrà àkọ́kọ́, ó tọ́ ọ wò fún ìkejì, ó tọ́ ọ wò fún ogún èèyàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Láàárín ọdún kan, kò dúró de oníbàárà mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọtí gbé e sùn lábẹ́ àtíbàbà yẹn lọ́sàn-án gangan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, rìn lọ síwájú katapílà tó ń wa yẹ̀pẹ̀. Ọlọ́run ló bá wa ṣe é, ẹni tó ń wà á rí i, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó gbé ọmọ padà wá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá ọkọ rẹ̀ ti gbọ́ ní Ìbafò. Wọ́n wá, wọ́n pọn ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n lọ. Nígbà tí ọkọ dé láti ìrìn àjò, ó ní ohun tí ìyá òun bá wí ni òun fara mọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹrù rẹ̀ wá bá mi ní Ìfọ̀. Mo bú u fún wákàtí kan gbáko, lẹ́yìn náà mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún un. Nígbà tó ṣe ọjọ́ mélòó kan, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbafò lọ bẹ ìyá ọkọ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ débi pé orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Wọ́n jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ tán kí wọ́n tó dáhùn.

“Ẹ̀yin ni mo gbé ọmọ fún, àna mi, kì í ṣe òun,” ni wọ́n wí. “Kí Ààwẹ̀ tó wọlé, màá wá wò wọ́n. Bó bá ṣì ń mu, tàbí bí ọmọ bá ṣì ń sá fún un, màá gbé ọmọ mi lọ, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ tún wá bẹ̀ mí.”

Oṣù mẹ́rin ló kù kí Ààwẹ̀ wọlé. Mo pọn ọmọ náà wálé.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ le. Ọwọ́ ìyá ọmọ ń gbọ̀n, òógùn ń bò ó, ògì lásán kò dúró nínú rẹ̀. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan ní díspẹ́ńsárì. Nọ́ọ̀sì náà tọ́jú rẹ̀, ó sì sọ fún mi pé kí n má jẹ́ kó dá wà ní àkókò tí ọtí bá ń pè é. Mo ní àkókò wo nìyẹn? Ó ní kí n bi onítọ̀hún. Mo bi í. Ó ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, ìgbà tí àwọn lébìrà máa ń ṣíwọ́. Ó ní bó bá ti kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, ọ̀fun òun á gbẹ, ẹsẹ̀ òun á sì máa wá ọ̀nà ìta.

Mo ní ó dáa, aago mẹ́rin náà ni àwọn oníbàárà tèmi ń dé. Mo fà á jókòó tì mí, mo ní kó máa tú irun àtijọ́ lórí wọn kí n tó dì wọ́n. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò lè la irun, ṣùgbọ́n ó lè tú u. Ó sì ń tú u tọkàntọkàn. Lọ́jọ́ kan, tíṣà obìnrin kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì tán jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti sinmi, kí n tó gbójú sókè, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti tú ìlàjì orí rẹ̀. Mo pariwo débi pé àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin wá wò wá. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo tún un dì fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì dùn mí títí di alẹ́.

Ti ọmọ ló ń bà mí lẹ́rù. Bí ìyá rẹ̀ bá na ọwọ́ sí i, ó máa sún mọ́ ọn díẹ̀, á na imú síwájú ẹnu ìyá, á gbóòórùn rẹ̀. Ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀! Bó bá gbóòórùn rẹ̀ tán ló tó máa jókòó, kò sì ní pẹ́ tó fi máa dìde tọ̀ mí wá. Ẹ̀yìn mi ló ń sùn sí. Kí n má parọ́, ó ń dùn mọ́ mi pé èmi ló yàn. Mi ò bí obìnrin.

Lóṣù kejì, wọ́n sọmọ lórúkọ ní ilé kejì sí wa, wọ́n ń gbé ọtí kiri. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi, mi ò ṣọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó yọ́ lọ síbẹ̀. Nígbà tó padà wọlé, ọmọ sún mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀, ó sì yí padà. Ó wá dúró sẹ́yìn mi, ó di ìró mi mú. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún láìpariwo. Mo la ẹnu láti bú u, àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò rí èébú kankan. Mo ní, “Lọ wẹ̀. Lọ́la, a tún bẹ̀rẹ̀.” Láti ọjọ́ náà ni kò ti mu ún mọ́, títí mo fi ń sọ èyí.

Ìgbà tí mo wá rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n bíi ti tẹ́lẹ̀, mo ní kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dì. Èmi ni mo máa ń di irun ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ tó yẹ kí n dì í, mo ní ọwọ́ ń dùn mí, kó lọ bá ìyá rẹ̀. Irọ́ ni, ọwọ́ kankan kò dùn mí. Ọmọ náà wojú mi, ó wojú ìyá rẹ̀, ó ronú sí i bí àgbàlagbà, ó sì lọ gbé orí lé itan ìyá rẹ̀. Ìlà kòlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ dì kí ọmọ tó dìde, ó ní ó tó. Lọ́jọ́ kejì, méjì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń gbé orí tí wọ́n dì kù kiri àdúgbò. Àwọn oníbàárà mi ń bi mí bóyá mo ti gbàgbé iṣẹ́. Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀.

Nígbà tó fi di oṣù kẹrin, ọmọ ti ń jókòó títí ìyá rẹ̀ á fi dì í tán. Wọn á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ìyá á fẹ́ atẹ́gùn sí ibi tí òòyà bá ti dùn ún. Mi ò mọ ọjọ́ tí ọmọ yẹn ṣíwọ́ gbígbóòórùn ẹnu ìyá rẹ̀. Mo kàn ṣàdédé rí i pé kò ṣe é mọ́. Inú mi dùn, mo sì jowú díẹ̀.

Ọjọ́ tó ṣíwájú ọjọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ máa dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi di kòlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ sórí ọmọ rẹ̀ lójókòó kan. Ó wọ́! Àwọn ìlà náà ń yà sọ́tùn-ún sósì. Ojú mi ò gbà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó lọ pọn omi, mo pe ọmọ, mo tú gbogbo rẹ̀, mo sì yára di mẹ́jọ mìíràn tó gún régé. Mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ó dé, ó rí i, ó sọ garawa kalẹ̀. Ojú rẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ti ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀ ẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń kágò lẹ́nu ọ̀nà.

A kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n pe ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n yí orí rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ojú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

“Ìwọ lo dì í?” ni wọ́n bi ìyàwó ọmọ wọn.

Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, “Òun ni, mà.”

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé orí sókè. Ó ní, “Rárá, mà. Àǹtí mi ló dì í. Èmi di tèmi lánàá, kò dára, wọ́n tú u.”

Ojú tì mí, kò sì sí ibi tí mo lè gbé e sí. Ìyá náà kò wò mí. Wọ́n yíjú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní, “Tú u. Kí o dì í kí n rí i.”

Ó tú u. Ọmọ gbé orí lé e nítan, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í là á. Kí ó tó dé kòlẹ́sẹ̀ karùn-ún, ọmọ ti sùn lọ, ó la ẹnu sílẹ̀, ọwọ́ kan di orúnkún ìyá rẹ̀ mú. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló wọ́, bíi ti àná.

“Gbé e wọlé kó lọ sùn dáadáa,” ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí. Nígbà tó wọlé, wọ́n yíjú sí mi. “Ní Mowé, mo bi í bóyá ó mu ọtí. Ọtí ń rùn lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ ó ní òun ò fẹnu kàn án. Lónìí, mo bi í ọ̀rọ̀ irun lásán, ẹ ti dáhùn fún un, kò gbà.” Wọ́n mi orí. “Kí ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.”

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jáde, ìyá ọkọ rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ lórí àga, wọ́n ti tú gèlè, irun wọn funfun, ó rọ̀. Wọ́n sún mọ́ àpótí tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń jókòó lé.

“Tèmi ńkọ́?” ni wọ́n wí. “Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dì mí.”

Ó wò mí. Ọwọ́ ń yún mi kí n gba òòyà yẹn, mo kó ọwọ́ sábẹ́ abíyá. Ó jókòó, wọ́n gbé orí lé e nítan, ó da àdí sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì là á. Ìlà àkọ́kọ́ wọ́. Ìyá náà mọ̀, torí ọwọ́ tó ń là á tún padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n kàn tẹ orí wọn sílẹ̀ sí i, kó lè rí ibẹ̀ dáadáa.