Ẹ Má Tì Mí Gun Òkè

Òórùn gbódó ló máa ń kọ́kọ́ mú mi rántí. Tó o bá gba ọ̀nà Ṣakí sí Àgọ́-Àmọ̀dú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wàá rí i níbi tí wọ́n sá a sí lórí àpáta lẹ́bàá títì, iṣu gígé tó ń gbẹ, tó ń rùn kíkan díẹ̀díẹ̀ bí oòrùn bá ti ń mú. Ẹni tó wà nínú mọ́tò á kàn gbọ́ ọ, á sì kọjá. Èmi tí mo fẹ̀yìn tì lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí imú mi àti ti ewúrẹ́ jọ dọ́gba, mo gbọ́ ọ yó. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn yẹn, inú á kọ́kọ́ bí mi ná kí n tó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú. Látìgbà náà, ìbàdí mi ò gbà kí n jókòó lórí kẹ̀kẹ́ ológeere bíi tàwọn èèyàn mọ́. Ìrora yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni pé gbogbo ayé sọ mí di ọmọ ọwọ́. Bí mo bá fẹ́ dìde, ẹnì kan á ti dì mí mú lápá. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so okùn bàtà, ìyàwó mi á ti kúnlẹ̀ kí ọwọ́ mi tó débẹ̀. Màá ní, "Fi í sílẹ̀, mo lè so ó." Á ní, "Mo mọ̀ pé ẹ lè so ó." Á sì so ó náà ni!

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ jórinjórin ní Ṣakí ló rí irú kẹ̀kẹ́ náà lórí fóònù, ló bá fi irin àlòkù jó tèmi. Táyà méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ìjókòó bí àga ìrọ̀gbọ̀kú, pẹ́dà wà lókè níwájú. Èèyàn á fẹ̀yìn tì, á na ẹsẹ̀, á máa wà á lọ. Ó wúwo bí ọlọ, ṣùgbọ́n ìbàdí mi ò ráhùn. Nígbà tí ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ kan wá kéde pé àwọn fẹ́ jọ gun kẹ̀kẹ́ láti Ṣakí dé Àgọ́-Àmọ̀dú, mo forúkọ sílẹ̀. Mo búra fún ìyàwó mi pé ẹsẹ̀ ara mi ni màá fi dé ibẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọn ò jẹ́ n rímú mí. Àwọn ọlọ́kadà ń pariwo, "Màrúwá! Gbé wa!" Bàbá àgbà kan tó jókòó síwájú mọ́sálásí wo ẹsẹ̀ mi tí mo nà sí i gbọnrangandan, ó ní, "Ìdọ̀bálẹ̀ la fi ń kí àgbà níbí. Èwo ni ti ká nà gbalaja, ká tún nasẹ̀ sójú wọn?" Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo tọrọ àforíjì. Olórí wa, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wá láti Ìbàdàn, sì là á mọ́lẹ̀ fún gbogbo wa pé ẹni tí wọ́n bá tì tàbí tí wọ́n bá gbé, àwọn ò ní pe orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó gùn ún débẹ̀ nígbẹ̀yìn. Òfin yẹn dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ.

A ò tíì rìn jìnnà tí àwọn yòókù fi mí sílẹ̀ sínú eruku. Ìyẹn ò bí mi nínú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Àwọn aláàánú ló fẹ́ pa mí. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ ló máa ń wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí táyà mẹ́ta bẹ́ẹ̀, kí ni kí wọ́n sì rò? Àlájà kan ní kí ọlọ́kadà dúró, ó bọ́ sílẹ̀, ó fi owó sí mi láyà, ó ń ṣàdúà. Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà, ara mi le, eré ìdárayá ni." Ó ní, "Má kọ̀ ọ́, sàráà ni." Ta ló ń kọ sàráà? Mo ṣe àmín, mo tún tẹ pẹ́dà, orí mi ń gbóná.

Òkè kan wà kó o tó wọ Àgọ́-Àmọ̀dú. Lórí kẹ̀kẹ́ tàwọn yòókù, èèyàn lè dìde dúró kó fi gbogbo ara tẹ pẹ́dà. Lórí tèmi, ẹsẹ̀ nìkan ló ń jìyà. Itan mi ń gbọ̀n, òógùn ń wọ̀ mí lójú, mò ń lọ bí ìgbín. Ṣùgbọ́n mò ń gùn ún! Mo ti ń rí igi òrí tó wà lókè, níbi tí olórí wa ti ń dúró de àwọn tó gbẹ̀yìn. Àfi bí kẹ̀kẹ́ ṣe fúyẹ́ lójijì. Mo yí ọrùn. Bàbá àgbẹ̀ kan ti gbé àdá àti ẹrù iṣu rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá títì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti ẹ̀yìn àga mi, ó ń mí hẹlẹ.

"Bàbá, ẹ má tì mí!"

"Má ṣèyọnu, ọmọ mi. O kú ìyà."

"Ẹ jọ̀ọ́, mo lè gùn ún!"

"Mo mọ̀ pé o lè gùn ún," ó ní, ó sì túbọ̀ tì mí.

Níbo lo ti rí i nílẹ̀ wa pé ẹni tó ń làágùn ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ lóòótọ́? Bó o bá kọ̀ títí, wọ́n á ní ìtìjú ló ń ṣe ọ́. Mo fẹ́ fa búréèkì, ẹ̀rù bà mí kí bàbá má lọ fàyà lu irin. Ìgbà tí mo wá fi gbogbo ohùn kígbe pé, "Ẹ fi mí sílẹ̀!" a ti dé abẹ́ igi òrí. Bàbá dúró, ó wo ojú mi, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Olórí wa mi orí.

Ní Àgọ́-Àmọ̀dú, gbogbo orúkọ ni wọ́n pè àfi tèmi. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi béèrè bóyá mo dé ibẹ̀. Mo ní wọ́n tì mí dé ibẹ̀. Ó ní, "Ẹ dúpẹ́ pé ẹ rẹ́ni tì yín." Hà!

Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo padà lọ gun òkè yẹn lémi nìkan. Kò sí ẹgbẹ́, kò sí olórí, kò sẹ́ni tó máa pe orúkọ. Mo gùn, mo sinmi, mo tún gùn. Mo bú ọ̀rẹ́ mi tó jó irin, mo bú irin, mo bú ìbàdí ara mi. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn mí. Nígbà tí mo máa fi dé abẹ́ igi òrí, bàbá àgbẹ̀ ọjọ́sí ló dúró síbẹ̀, tó káwọ́ sẹ́yìn.

"Mo ti ń wò ọ́ látìgbà tó o ti wà nísàlẹ̀," ó ní. "Nígbà tó o dúró níbi àpáta yẹn, mo fẹ́ẹ̀ sáré wá. Mo bá káwọ́ sẹ́yìn, mo fi ọ̀kan di ìkejì mú." Ó mú ọwọ́ náà wá síwájú, ó ń fi wọ́n ra ara wọn. "Ó nira o! Iṣẹ́ tìrẹ ò tó tèmi."

Ṣé kí n bínú ni, èmi tí òógùn bò? Ẹ̀rín ló pa mí. Mo fẹ́ dìde lórí àga, ìbàdí kọ̀. Bàbá ò sún mọ́ mi. Ó ní, "Ṣé kí n fà ọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ fà mí."

Mo ròyìn ọ̀rọ̀ bàbá fún ìyàwó mi. Lọ́jọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sórí bàtà mi, mò ń pòṣé, okùn ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìró. Gbogbo ìgbà yẹn, mo rò pé èmi nìkan ni mò ń gun òkè nínú ilé wa. Ó pẹ́ kí n tó so okùn náà tán. Kò kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí bí ìró náà ṣe ń mì.