Bí Àlàmínì Ṣe Ṣọ̀fọ̀ Ẹni Inú Fíìmù

Kò sí Yorùbá Niamey tí kò mọ̀ nípa ọjọ́ tí olóògbé Àlàájì Àlàmínì, oníṣòwò aṣọ, ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa ní ọ̀sán gangan, tó tẹ́ ẹní síwájú ilé ní àdúgbò Dar es Salam níbẹ̀, tó sì fọwọ́ lẹ́rán. Ẹni tó bá rí àgbàlagbà lórí ẹní báyẹn kì í béèrè ọ̀rọ̀. Yóò bọ́ bàtà, yóò jókòó, yóò ṣàdúà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹní ti kún. Àwọn aládùúgbò wọn tó jẹ́ ẹ̀yà Zarma gbé ìrẹsì wá. Nígbà tí Lèmọ́mù ṣàdúà tán, ó rọra bi í pé: "Àlàájì, ta gan-an ló kú?"

"Dírẹ́bà kan ni. Ó kù díẹ̀ kó délé. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé ọbẹ̀ kaná."

"Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Dírẹ́bà ọ̀nà ibo?"

Ànísátù, ọmọ Àlàmínì, ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Ẹ forí jì wá, Alfa. Inú fíìmù ló kú sí."

Lèmọ́mù wo Àlàmínì, ó wo ìrẹsì. "Àdúà kì í ṣòfò," ló wí. "Ẹ bu oúnjẹ."

Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àlàmínì ti wá. Faransé tó gbọ́ kò kọjá ti ọjà, nítorí náà Ànísátù, tí wọ́n bí sí Niamey, ló máa ń túmọ̀ fíìmù fún un.

"Bàbá, ó ní òun ò ní padà wá mọ́."

"Irọ́ ni. Ẹni tí ò ní padà wá kì í wo ilẹ̀kùn báyẹn."

Bí ìparí eré ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò pa tẹlifíṣọ̀n, yóò sì sọ ìyókù fúnra rẹ̀. Tirẹ̀ sì máa ń dùn jù. Gbogbo alálàá tó bá fi ilé sílẹ̀ nínú fíìmù, òun ni. "Èmi rèé," yóò wí. "Irun gígùn nìkan ni wọ́n fi kún un."

Nígbà tó yá, Ànísátù ní òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Ouagadougou. Ìdrìsù, ẹ̀gbọ́n Àlàmínì tó jẹ́ olórí ẹbí, ti àdúgbò Kirkissoye wá. "Ọmọbìnrin tiwa? Kó máa gbé ẹ̀rọ kiri láàárín ọkùnrin? Láéláé!"

Ànísátù ń gbọ́ lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó mọ̀ pé bí Ìdrìsù bá ti kọ̀, ó parí nìyẹn. Bàbá òun ò sì ta ko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí.

Àlàmínì ò jà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n sọ fíìmù kan fún yín." Ó sọ ti ọmọbìnrin kan tí ohun kan ṣoṣo ń wù ú láyé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, kò jẹ́ kó kọjá. Tíì tutù mọ́ Ìdrìsù lọ́wọ́.

"Ọ̀dájú ni bàbá yẹn o! Ṣé ó padà dìde?"

"N ò tíì mọ̀. Ẹ̀yin ni à ń wò."

Ìdrìsù gbé tíì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àlàmínì, o ò dáa. Kó lọ. Ṣùgbọ́n kó máa kírun o!"

Àlàmínì kú kí Ànísátù tó parí ẹ̀kọ́. Ọmọ náà wá fíìmù tí bàbá rẹ̀ sọ fún Ìdrìsù yẹn títí. Ó bi àwọn olùkọ́, ó bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wò ó rí. Ìgbà náà ló tó yé e pé bàbá òun ló hun ún fúnra rẹ̀.

Ní báyìí, òun ló ń ya á ní fíìmù, ní etí odò. Òṣèré tó ń ṣe bàbá rẹ̀ bi í pé: "Madame, ṣé kí n bínú níbí?"

"Rárá. Ẹ wo ẹ̀gbọ́n yín bí ẹni tó ti mọ bí yóò ṣe parí."

Ọkùnrin náà gbìyànjú. Kò jọ Àlàmínì tó. Síbẹ̀, Ànísátù ò tètè ní kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró.