Irin Abẹ́ Ọkọ̀ Bàbá Mi

Lọ́jọ́ tí mo ra píkọ́ọ̀pù náà, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo yí i po nínú ọgbà apátímẹ́ǹtì wa ní Westchase, ní ìlú Houston. Ìyàwó mi ló kà á láti ojú fèrèsé. Ó ní tí mo bá tún yí i po lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á pe àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ní ọsibítù kí wọ́n wá gbé mi lọ.

Ọkọ̀ pupa ni, àlòkù, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ bí ọ̀nà bá burú. Òyìnbó tó tà á fún mi ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ó sì fẹ́ padà sí ìlú àwọn òbí rẹ̀. Irú wọn pọ̀ ní Houston nígbà náà. Ọpẹ́ ni pé wọn ò tíì lé èmi kúrò nídìí àwòrán páìpù tí mò ń yà.

Kì í ṣe ara mi ni mo ra ọkọ̀ yẹn fún o. Bàbá mi tó wà nílé ni. Àgbẹ̀ oníkòkó ni bàbá mi, abà rẹ̀ sì jìnnà sí ìlú wa ní nǹkan bíi máìlì méje. Abà yẹn ni ìyá mi kú sí, ibẹ̀ la sì sin ín sí, lẹ́yìn ilé tí òun àti bàbá mi jọ fi ọwọ́ ara wọn kọ́. Tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ni bàbá mi máa ń fi rìn débẹ̀. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ gan, kò ṣe é ká mọ́. Kò sì sí awakọ̀ kankan tó fẹ́ gbé e lọ, torí àpáta kan wà láàárín odò tí ọ̀nà abà gbà kọjá. Àpáta yẹn ti ya ikùn takisí mẹ́ta.

Kásẹ́ẹ̀tì la fi ń bára wa sọ̀rọ̀ nígbà náà. Bàbá mi á sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, wọn á fi rán ẹni tó ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà, èmi náà á sì fi tèmi rán ẹni tó ń lọ sílé. Nínú èyí tó dé kẹ́yìn, ó ti kí mi tán, ó ti bi mí léèrè iṣẹ́, kó tó wá ní, "Ọdún kẹta rèé tí mi ò tíì fojú kan oórì ìyá rẹ. Bí mo bá lọ bá a láìtíì padà débẹ̀, kí ni kí n sọ fún un?"

Mo sunkún. Nígbà tí mo sunkún tán, mo dìde, mo lọ ra ọkọ̀. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn mí, àfi kí n wá nǹkan irin tí mo lè fọwọ́ kàn.

Ó wá ku bí a ó ṣe múra ọkọ̀ sílẹ̀ de àpáta. Ní Sátidé, èmi àti ìyàwó mi wa ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Stafford tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọkọ̀ tó ń wọ igbó. Háà! Orí mi wú. Rímù ni wọ́n fi kọ́ ara ògiri látòkè délẹ̀, wọ́n ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo rí eyín mi nínú ọ̀kan. Táyà wà níbẹ̀ tó dé mi nítan. Láàárín ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé ọkọ̀ kan sórí irú táyà bẹ́ẹ̀, ó ga fíofío, ó ń wo gbogbo wa bí ọba tó gun ẹṣin. Mo ní, "Èyí ni! Èyí gan-an ni!" Ẹni tó ń tà á, òyìnbó onífìlà gbàǹgbà, rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ̀ pé òun ti rí oníbàárà.

Ó fi nǹkan kejì hàn wá, irin pẹlẹbẹ dúdú tí wọ́n ń dè mọ́ ikùn ọkọ̀, kí òkúta má baà lu ibi tí epo ẹ́ńjìnnì wà. Kò dán, kò lẹ́wà, ó rí bí ìdí ìkòkò. Ọ̀kan nínú méjèèjì lowó wa lè rà, yálà ẹsẹ̀ gíga yẹn tàbí irin abẹ́ ikùn. Mi ò tilẹ̀ wo irin yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má rò pé mò ń ṣe wèrè. Ẹnjiníà ni mí, mo ti ṣírò ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé. Mo rántí dáadáa pé àpáta yẹn kàn mí lórúnkún. Mo ti fi téèpù wọn orúnkún mi nílé, ínǹsì mọ́kànlélógún. Ikùn ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ga ju ìyẹn lọ, àwọn táyà ràgàjì yẹn nìkan ló sì lè gbé e débẹ̀. Mo na ìwé náà sí òyìnbó, ó gbóríyìn fún mi, mo wú bí búrẹ́dì. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Ìyàwó mi tú gèlè orí rẹ̀, ó fi di ìbàdí. Ó mú ìgbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó fi ṣe ọ̀pá. Ó tẹ̀ díẹ̀, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún gbọọrọ, ó sì ń tiro lọ sídìí ọkọ̀ gíga yẹn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe, láàárín àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń rìn.

Ó ní, "Ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn." Ohùn bàbá mi gan-an ni! Ó gbé ẹsẹ̀, kò dé ibi tí wọ́n ń tẹ̀ gòkè. Ó tún gbé e, kò dé ibẹ̀. Ó bá yíjú sí mi. "Ọmọ mi, ṣé okùn lẹ máa fi fà mí gòkè ni àbí ladder?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo ti fẹ́ràn rímù yẹn, mo ti rí i lójú ọkàn mi bó ṣe máa dán wọ ìlú wa, tí gbogbo àdúgbò á máa bèèrè ọmọ ta ni. Mo ní, "Àpáta ńkọ́? What about the rock? Ó kàn mí lórúnkún!"

Ó dá ìgbálẹ̀ padà. "Olówó orí mi, okay, ó kàn yín lórúnkún. Ọmọ ọdún mélòó ni yín nígbà yẹn?"

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí mo dúró ti àpáta yẹn, tí ìyá mi di ọwọ́ mi mú kí omi má gbé mi lọ. Orúnkún ọmọ ọdún méje ni mo fi orúnkún àgbàlagbà wọ̀n! Mo bẹ̀rẹ̀, mo na ọwọ́ sí ibi tí orúnkún ọmọdé máa ń wà. Kò ga rárá. Ikùn ọkọ̀ á ṣì kan àpáta náà, ṣùgbọ́n tí irin bá wà lábẹ́ rẹ̀, á fi yọ̀ kọjá ni. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú mi, mo sì ní kí òyìnbó gbé ìdí ìkòkò yẹn wá. A fi owó tó kù ra táyà tuntun olójú gbàǹgbà lé e, tí kò ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lórí rímù dúdú lásán.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo sùn sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, mo ń di nọ́ọ̀tì. Nígbà tó di Sátidé, a wà á lọ sí apá The Woodlands, níbi tí wọn ò tíì kọ́lé sí, mo sì wa ọkọ̀ gba orí ìtì igi páìnì kan tó wó sílẹ̀. Irin náà ha igi, ó dún gbààrà! Ìyàwó mi kígbe, èmi náà kígbe, ọkọ̀ ti dé òdì kejì. Ó ní, "Ẹ tún un ṣe!" A tún un ṣe nígbà mẹ́rin.

Nígbà tí ọkọ̀ ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílé, mo fi kásẹ́ẹ̀tì kan rán bàbá mi, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Stafford fún un. Lẹ́yìn náà, mo ń retí. Ara mi ò balẹ̀. Bí irin yẹn bá já ńkọ́? Bí ìrántí mi bá tún tàn mí jẹ ńkọ́?

Ọjọ́ Àìkú kan ni arákùnrin kan tó ti ilé dé fi kásẹ́ẹ̀tì lé mi lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. A ò lè dúró délé. Inú ọkọ̀ kékeré tiwa, níbi tí a gbé e sí níta ṣọ́ọ̀ṣì, la ti fi í sínú ẹ̀rọ.

Ọkọ àbúrò mi obìnrin ló ń wa píkọ́ọ̀pù náà lọ sí abà, mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Bàbá, àpáta rèé o. Ẹ di nǹkan mú, sà." Omi ń dún. Ẹ́ńjìnnì ké. Irin ha òkúta, ó ha á pẹ́, mo di sítíárì mú bí ẹni pé èmi ni mò ń wà á. Ni bàbá mi bá pariwo: "Ó kọjá! Ó kọjá o!" Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Èmi àti ìyàwó mi ń lu dáṣíbọ́ọ̀dù, àwọn ìyá ìjọ ń wò wá.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn kú, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹyẹ ń ké. Wọ́n ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Bàbá mi ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, mo lè sọ̀ kalẹ̀ fúnra mi." Mo gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ lórí ilẹ̀, ó rìn díẹ̀, ó dúró.

"Ìyá àwọn ọmọ mi, mo dé o. Má bínú pé ó pẹ́. Ọmọ rẹ ló gbé mi wá. Ó fẹ́ gbé ọkọ̀ náà ga, ìyàwó rẹ̀ ló rántí ẹsẹ̀ mi."

Ìyàwó mi na ọwọ́, ó dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà sẹ́yìn, a sì tún gbọ́ ọ.