Orúkọ tó wà lẹ́yìn àpò lẹ́tà

Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì ń gbé ládùúgbò wa ní Òrè. Òǹtẹ̀ tí àwọn pósọ́fíìsì àtijọ́ lù sára lẹ́tà ni Bàbá ń wá kiri agbègbè wa. Tí wọ́n bá dé ilé ẹni tó ní lẹ́tà àtijọ́, wọ́n á kọ́kọ́ fọ ọwọ́ wọn, wọ́n á ní, "Ara rẹ̀ ni mo wá wò, mi ò ní ka inú rẹ̀." Wọ́n á wá fi pẹ́ńsùlù ya òǹtẹ̀ náà sínú ìwé, wọ́n á dá àpò lẹ́tà padà fún ẹni tó ni ín.

Òǹtẹ̀ pósọ́fíìsì kékeré kan tó ti kógbá sílé ló dùn wọ́n jù, wọn ò rí i rí. Lọ́jọ́ kan a gbọ́ pé màmá opó kan ní Araromi-Obu ní àpò lẹ́tà kan tí òǹtẹ̀ náà wà lára rẹ̀. Mo fi ọ̀kadà gbé wọn lọ.

Màmá yọ àpò lẹ́tà náà láàárín Bíbélì. Bàbá fọ ọwọ́ wọn, wọ́n gbà á.

Màmá ní, "Ẹ bá mi ka orúkọ ẹni tó kọ ọ́."

Bàbá yí i sẹ́yìn, wọ́n ka orúkọ olóògbé ọkọ Màmá ketekete. Màmá dijú.

"Ẹ tún un pè, ẹ jọ̀ọ́. Èmi kì í pe orúkọ ọkọ mi, àwọn tó ń pè é sì ti kú tán."

Bàbá rọra ń pè é títí oòrùn fi rọlẹ̀.

A ti dé Omifunfun lọ́nà ilé kí n tó bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ẹ ya òǹtẹ̀ náà?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. "Mo gbàgbé! A óò padà lọ. Màmá á ṣì fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn."