Mo Ní Ara Rẹ̀ Ti Le

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò sì fi bò. Síbẹ̀, ní Houston yìí, èmi ni ọ̀gá ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Rosenberg, àwọn tó ní digírì méjì sì wà lára àwọn tí mò ń rán níṣẹ́. Mo ní ilé oníyàrá mẹ́rin ní Pearland. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ní mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, àwọn dókítà á gbé ṣíbí kalẹ̀, wọ́n á máa gbọ́. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó lọ bi wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo sọ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí mi ò rí kó jẹ mọ́.

Ìdí ìrẹsì tí a máa ń jẹ lẹ́yìn ìrun la wà tí àríyànjiyàn fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan gbọ́ lórí rédíò pé nílé, àwọn kan ń fẹ́ kí ìjọba gbé owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ fún àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò aládàáni. Alhaji kan, ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì, ta kò ó. Ó ní, "Ẹni tó jẹ́ pé ibi tí kò bá ti sanwó ni èrè ẹ̀ wà, báwo ló ṣe máa fẹ́ rí ojú ọgbẹ́ rẹ?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Alhaji, ẹ má bínú, ìwé ti pọ̀ lórí yín jù. Ìjọba wo? Èyí tí kò lè dí kòtò ojú títì? Ẹ wò mí. Ní Texas níbí, òfin ò fi dandan mú ọ̀gá iléeṣẹ́ pé kó wọ ètò tí ìjọba là sílẹ̀. Tiwa yọ ara wọn, wọ́n ṣe tiwọn. Nígbà tí irin gé mi ní àtàǹpàkò, kí n tó pariwo yéè, mo ti wà níwájú dókítà. Aládàáni ló mọ iṣẹ́!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Alhaji ní, "Ẹnu ẹ dùn, ọmọ yìí. Ọlọ́run má jẹ́ kó o fi ara dán an wò."

Mo ṣe àmín, mo bu ẹran sí i.

Àbúrò mi jókòó tì mí, ó ń pàtẹ́wọ́. A kì í ṣe ọmọ ìyá, àdúgbò kan náà la ti wá ní Ìlọrin. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Èmi ni mo mú un wọ iṣẹ́, èmi ni mo fìka hàn án níbi tó máa buwọ́ lù nínú ìwé iléeṣẹ́. Kò kà á. Kí n má purọ́, èmi náà ò ka tèmi rí.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, páálí ẹ̀rọ kan já láti orí pẹpẹ, ó bà á lẹ́yìn. Lóòótọ́, wọ́n tètè gbé e lọ. Dókítà yàwòrán ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní eegun ti yẹ̀, àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kó tó tún lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn adójútòfò iléeṣẹ́ wa ní àwọn á kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí àwọn tó fọwọ́ sí i.

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò tíì já gaara. Mo ní èmi máa ṣe ògbufọ̀. Ta ló tún lè ṣe é tó mi? Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní apartment wọn, mo ṣí fóònù sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Obìnrin kan ni, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó ní àwọn ń gba ohùn wa sílẹ̀. Ó wá bi í pé báwo ni ara lónìí.

Mo sọ ọ́ ní Yorùbá. Àbúrò mi dáhùn bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ara ń le. Ó sàn ju àná lọ."

Ta nínú wa ni wọ́n máa béèrè àlàáfíà rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ dúpẹ́? Ẹni tó ń kú lọ pàápàá á ní ó ti ń yá. Ìgbà tí àlejò bá bini lẹ́ẹ̀kejì ni òótọ́ ń jáde.

Obìnrin yẹn ò bi í lẹ́ẹ̀kejì. Èmi náà sì ń fẹ́ kó mọ̀ pé a kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé ọ̀gá rẹ̀ lèmi, pé ara rẹ̀ ti le, pé akọni ni, kò ní pẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún wọn pé kò lè dá wọ ṣòkòtò!"

Mo fọwọ́ bo fóònù. "Ṣé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ la ń sọ fún àjèjì?"

Ọkọ rẹ̀ náà ní, "Má dójú tì mí, jọ̀ọ́."

Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí lẹ́tà fi dé. Ìyàwó ló kà á. Wọ́n ní aláìsàn fúnra rẹ̀ àti ọ̀gá rẹ̀ ló sọ pé ara ti le, nítorí náà kò sí iṣẹ́ abẹ, ìtọ́jú ti parí.

Mo wọ súùtù tí mo wọ̀ lọ gba ìwé ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, mo wakọ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Uptown. Ọkùnrin kan gbé ohùn náà sí i fún mi. Mo ti fẹ́ràn ohùn mi láti kékeré. Lọ́jọ́ náà, ńṣe ló ń ṣe mí bíi kí n rá gba abẹ́ tábìlì lọ. Mo ṣàlàyé pé àṣà wa ni. Ó ní ó yé òun, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn gbà sílẹ̀ làwọn fi ń ṣiṣẹ́. Ìwé tí mo ní kí àbúrò mi buwọ́ lù ló sì sọ pé kò gbọ́dọ̀ gbé wọn lọ sí kóòtù, àfi ọ̀dọ̀ onílàjà tó máa dá ẹjọ́ náà. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohùn mi ni wọ́n tún gbé sí i. Onílàjà ní àwọn adójútòfò ló jàre.

Lórí àga ni àbúrò mi ti ń kírun báyìí, nínú sáfù, ìlà ìrun àwọn ọ̀dọ́. Tí gbogbo wa bá forí kanlẹ̀, orí tirẹ̀ nìkan ló máa ń wà lókè.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ adójútòfò tún jẹ yọ nídìí ìrẹsì. Ẹnìkan ní, "Ọ̀gá, ẹ dá sí i o!" Mi ò gbójú sókè. Alhaji ló ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí láti ìgbà náà, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Mo lọ bá àbúrò mi lórí àga rẹ̀. "Báwo ni ẹ̀yìn?"

"A dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ara ń le."

"Mo tún bi ẹ́."

"Mo ṣubú ní balùwẹ̀ lánàá, ẹ̀gbọ́n. Ìyàwó mi ló gbé mi dìde."

Mo dì í mú kó lè dìde. Mo ká àga náà, mo gbé e tẹ̀ lé e lọ sídìí mọ́tò.