Bí Mo Ṣe Ṣi Ìwé Oògùn Ara Mi Kà

Mo ń bọ́ bàtà lẹ́yìn iṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni mo rí i pé ti òsì kò fẹ́ jáde. Ẹsẹ̀ náà ti wú láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, ó gbóná, ó sì ń dùn mí dé egungun bí mo bá tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Àmùwò. Mo ní ìdúró ló fà á. Màmá mi, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí a sì jọ ń gbé ní Festac, wo ẹsẹ̀ náà.

"Ìdúró wo ló ń wú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo? Ṣé ẹsẹ̀ kan lo fi ń dúró ni?"

Ilé ìwòsàn mìíràn nítòsí Mile 2 ni a lọ. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí kí wọ́n tó pè mí. Wọ́n ya àwòrán ẹsẹ̀ náà, wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan tó jìn. Ewu rẹ̀ ni pé ó lè já, kí ó gba ibẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ń gún mi lábẹ́rẹ́ níkùn lójoojúmọ́, wọ́n sì fi oògùn oníhóró tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kún un. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹsẹ̀ wíwú náà ti lọ sílẹ̀, wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Dókítà ti lọ sọ́dọ̀ aláìsàn mìíràn nígbà tí wọ́n fún mi níwèé. Ó kọ D/C sókè, ó to orúkọ oògùn mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù tiwa, tí a bá kọ D/C ṣíwájú oògùn, kí a dá a dúró ni. Bí mo ṣe kà á nìyẹn. Kí n má parọ́, ọkàn mi ń sọ pé ọjọ́ márùn-ún ti kéré jù. Ṣùgbọ́n oògùn ti sú mi. Ohun tí mo fẹ́ rí ni mo kà.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo ń kó aṣọ gbígbẹ kúrò lórí okùn, èémí mi bẹ̀rẹ̀ sí í há. Bí mo bá mí sínú, ó ń gún mi lábẹ́ ìhà. Mo pe Màmá, ohùn ò jáde. Àga tí mo gbá ṣubú ni wọ́n gbọ́. Wọ́n gbé mi sọ́kọ̀ aládùúgbò wa, wọ́n ń gbàdúrà sí mi létí títí a fi dé ilé ìwòsàn.

Wọ́n fi ọ́síjìn sí mi nímú, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ dídì náà ti já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà kan náà ló wọlé.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ń lo oògùn tí mo kọ?"

"Ẹ ní kí n dá a dúró."

"Èmi? Nígbà wo?"

Màmá yọ ìwé náà nínú báàgì wọn. Dókítà wò ó, ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Ohun tí mo kọ ni pé ẹ máa lọ sílé, oògùn tí ẹ ó máa lò nílé sì nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Àwa méjèèjì la mọ̀ pé ìtumọ̀ méjì ni lẹ́tà wọ̀nyẹn ní: "discharge," kí aláìsàn máa lọ sílé, àti "discontinue," kí a dá oògùn dúró. Èmi náà ti kọ ọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ láìmọye ìgbà, nítorí ó yá láti kọ. Èyí ló pa mí lẹ́kún, kì í ṣe ìrora.

Mo lo ọjọ́ mẹ́sàn-án níbẹ̀, mo sì lo oògùn náà fún oṣù mẹ́fà. Èémí kò tètè padà. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìwẹ̀ lásán ń rẹ̀ mí. Ẹsẹ̀ ṣì máa ń wú díẹ̀. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀.

Níbi iṣẹ́, mo ń kọ ọ̀rọ̀ pé pérépéré báyìí, mo sì máa ń ní kí ìyá ọmọ tún un sọ kí n gbọ́. Ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́ sọ pé mo ń fa iṣẹ́ gùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Bí wọ́n bá fún yín níwèé, ẹ má tijú láti bèèrè, kódà bí iṣẹ́ ìwòsàn lẹ ń ṣe. Ara kò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà. Ohun tí a bá fún un ló ń lò. Ohun tí a bá fi dù ú, kò mọ̀ pé àṣìṣe ni. Tèmi ṣàánú mi. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí ní ìjọ wa, ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo mí sínú, mo mí síta, mo ní, "Olúwa, o ṣé," mo sì padà lọ jókòó ti màmá mi.