Ọmọ Mi Ń Sọ̀rọ̀ ní Ilé Kejì

Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọmọ mi kì í sọ̀rọ̀. Bí ẹni tó ń yin ọmọ ni mo ṣe máa ń sọ ọ́. Ní ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní Minna, bí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi bá ń ráhùn pé ariwo àwọn ọmọ ò jẹ́ kí àwọn sinmi, èmi á ní, "Tèmi ò ní wàhálà. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni." Irọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé irọ́ ni.

Tudun Wada là ń gbé, èmi àti ọmọbìnrin mi nìkan, nítorí bàbá rẹ̀ ti kú kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ògiri kúkurú kan ló pààlà sí àárín àwa àti opó Hausa kan tó ń dín máásà tà. Hajiya ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nílé ìwé, ní ojú pópó, lọ́dọ̀ Hajiya, Hausa ni ọmọ mi ń gbọ́. Ẹ̀rù bà mí. Ojú mi ló ṣe nígbà tí ìyá àgbà kan wá láti Ọ̀yọ́ wá kí ọmọ ọmọ rẹ̀, tí ọmọ náà ò gbọ́ èdè rẹ̀, tó sì ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò tó ṣìnà wọlé. Mo ní irú rẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ sí tèmi láéláé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ṣòfin. Tó bá ti bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà, Yorùbá nìkan ló kù. Bí Hausa bá yọ lẹ́nu rẹ̀, màá ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́. Á dúró síwájú mi, á tún un sọ, èmi á máa bá iṣẹ́ mi lọ. Nígbà tó bá wá fi Yorùbá sọ ọ́, màá bá a tún ibi tó kù sí ṣe. Tíṣà ni mí, ojú mi ò lè rí àṣìṣe kó gbójú fò ó.

Mo rántí ọjọ́ kan tó sáré wọlé láti ilé ìwé, tí inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò mọ̀, lónìí malamarmu..." Mo ń rẹ́ ilá lọ́wọ́, mi ò gbójú sókè. Ó fi Yorùbá tún un sọ. "Tíṣà wa..." Ó ń wá ọ̀rọ̀ tó kàn, kò rí i. Nígbà tó yá, ó ní, "Kò sí nǹkan kan, mà," ó sì lọ pààrọ̀ aṣọ. Mi ò mọ ohun tí tíṣà rẹ̀ ṣe títí di òní.

Lọ́dọọdún tí a bá lọ sílé fún Kérésì, àwọn ẹbí á máa yìn mí pé ọmọ tí mo bí sí òkè ọya ń kúnlẹ̀, ó sì ń kí èèyàn bó ṣe yẹ. Orí mi á wú.

Ó ń lọ sí ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí Hajiya kan ilẹ̀kùn mi lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Hausa tí mo gbọ́ nígbà náà ò ju ti ọjà lọ, èló ni, ẹ dín in kù. Ó rọra ń sọ̀rọ̀, ó ń fọwọ́ júwe, títí ó fi yé mi: ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, ọjọ́ kẹta rèé. Hajiya ló fún un láṣọ, òun ló kọ́ ọ bó ṣe máa tọ́jú ara rẹ̀. Inú bí mi débi pé mi ò dúpẹ́. Mo pe ọmọ náà, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi.

Ó wolẹ̀. "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é ní Yorùbá, mà."

Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n fagi lé òfin burúkú náà. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń pè é, mo sì ní kó tún un pè.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo kọ́kọ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹnì kan ń fi Hausa sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ Hajiya, ó ń sín àwọn èèyàn jẹ, àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín àrínkú. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ọmọ mi ni. Aláwàdà ni ọmọ mi.

Nígbà tó yá, ó jáde yunifásítì, ó ríṣẹ́, ó gba yàrá sí Barkin Sale, nínú Minna kan náà. Gbogbo Sátidé ló ń wá. Á kúnlẹ̀ kí mi, á gbé ọsàn kalẹ̀, á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn mí. Yorùbá rẹ̀ mọ́ gaara, ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀rọ̀ á ti tán láàárín wa. Á wá kọjá sí ọ̀dọ̀ Hajiya, á lo wákàtí méjì. Èmi á gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, màá máa ṣa ẹ̀wà tí mo ti ṣà tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ Hausa. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ó kọ ọkùnrin kan tó fẹ́ fẹ́ ẹ, pé ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ń fojú rẹ̀ gbolẹ̀, pé ààrá ṣì máa ń bà á lẹ́rù. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n mi ò lè dìde.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, Hajiya kú. Àárọ̀ ni wọ́n sin ín. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́sàn-án, ọmọ mi jókòó sórí ẹní lẹ́bàá ògiri, ó gbórí lé eékún. Mo jókòó tì í. Ó ń dá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kì í ṣe èmi ló ń bá wí.

"Da wa zan yi hira yanzu?"

Ta lòun á máa bá tàkúrọ̀sọ báyìí. Ó rò pé kò yé mi.

"Da ni," mo dáhùn. Èmi ni kó máa bá sọ ọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, mi ò bá a sọ Hausa rí.

Ó gbórí sókè, ó wò mí títí. Mo ń retí. Mo ti pinnu pé ohunkóhun tó bá sọ, èdè yòówù kó fi sọ ọ́, màá gbọ́. Ó nu ojú rẹ̀, ó sì yí padà, ó kúnlẹ̀ sórí ẹní náà.

"Ẹ ṣé, Mọ́mì," ó wí. "Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú."

Ó sì dìde, ó lọ bu omi fún àwọn àlejò.